Ọmọ ọdún 18 kì í ṣe ọmọ ọwọ́

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ẹsẹ̀ mi ò lè dáa mọ́ ni, ṣé kò sí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n lè ṣe sí i, ṣé mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà kan báyìí tí àwọn gbọ́ nípa ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn bèèrè, mi ò bínú sí wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bí ayé mi ṣe ń lọ lẹ fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, ìbéèrè míì wà tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí. Ẹ bi mí pé ta ló mọ nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì mi. Ẹ bi mí pé ta ló ń sọ aago tí mo máa sùn. Ẹ bi mí pé ṣé ilẹ̀kùn yàrá mi ní kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ ta dẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún wà. Mo ti wá gbà pé inú irú nǹkan báyìí ni adùn ayé ẹni tó ní ìpèníjà ara wà, pàápàá láti ìgbà tó bá ti ń kúrò lọ́mọdé.

Cerebral palsy ló ń ṣe mí. Ọpọlọ ọmọ ló máa ń fara pa, ó lè jẹ́ nínú oyún, ó lè jẹ́ nígbà ìrọbí, ó lè jẹ́ kété tí wọ́n bí i tán, iṣan á wá máa le gbagidi, tàbí kó máa gbọ̀n, ti ẹlòmíì á tún mú ọ̀rọ̀ ẹnu. Èmi, kẹ̀kẹ́ arọ ni mo fi ń rìn, ọ̀rọ̀ mi dẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde, ẹni tí ò bá ní sùúrù á ti bá mi parí ẹ̀ kí n tó dé ìdajì. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún báyìí. Mo ń kọ èyí fún àwọn àbúrò mi tó ń sún mọ́ 18, fún àwọn òbí wọn, àti fún dókítà tàbí tíṣà tó bá lè rí i kà.

Àwọn tó ń ṣèwádìí náà ò jìnnà sí ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kó àwọn onímọ̀ jọ láàárín 1990 sí 1999 láti sọ ohun tó ń jẹ́ ìgbé ayé tó dáa, wọ́n ò sọ pé ẹsẹ̀ tó ń rìn ni, wọ́n ní bí èèyàn fúnra ẹ̀ ṣe rí ipò tó wà láyé ni, tó bá fi wé ohun tó ń lépa, ohun tó ń retí àti ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Èèyàn fúnra ẹ̀ o, dókítà ẹ̀ kọ́, màmá ẹ̀ kọ́. Lọ́dún 1999 àwọn méjì kan, Gary Albrecht àti Patrick Devlieger, bá èèyàn 153 sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ní ìpèníjà ara, èyí tó le tó dẹ̀ ti wà lára wọn tipẹ́. Ìdá 54 nínú 100 wọn ló ní ayé àwọn dáa tàbí pé ó dáa gan-an. Ó ya àwọn tó kà á lẹ́nu torí lójú ẹni tó ń wò wá láti òkèèrè, ìyà là ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò ya èmi lẹ́nu rárá. Ohun tí mo tiẹ̀ mú nínú iṣẹ́ yẹn ni ẹjọ́ àwọn tó ní ayé àwọn ò dáa: wọ́n ń sọ ti ìrora, wọ́n ń sọ ti àárẹ̀, wọ́n dẹ̀ ń sọ pé àwọn ò láṣẹ lórí ara àwọn mọ́. Ẹ mú èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dání, torí òun ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa ní kété tí a bá pé 18, ó dẹ̀ yẹ kó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni àṣẹ ń bọ̀ sí wa lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibì kan ṣoṣo ni mo ń lọ. Dókítà eegun wà níbẹ̀, ẹni tó ń na iṣan mi wà níbẹ̀, àǹtí tó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé oúnjẹ mì láì fún mi lọ́fun náà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ ọjọ́ ìbí mi lórí. Wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa mi. Lẹ́yìn náà mo pé 18, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n ní kí n máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà àgbà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ti kúrò lọ́mọdé. Ó wá di pé dókítà eegun wà níbí, ti ọpọlọ wà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń na iṣan ò sí mọ́ àyàfi téèyàn bá ṣubú tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe, fáìlì mi ò dẹ̀ tíì dé nígbà tí èmi dé.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé nǹkan kékeré ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé, òṣùwọ̀n wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ mi gun orí ẹ̀, wọ́n á yọ ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ kúrò, ó parí. Níbi tí mo wá bọ́ sí yìí, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń dúró lé nìkan ni wọ́n ní. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo òṣùwọ̀n, ó wá yíjú sí màmá mi. Ó ní, "Mà, ẹ rò pé ó máa tó kílò mélòó?" Màmá mi fojú wọ̀n mí, wọ́n dá iye kan, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé òṣùwọ̀n ló sọ bẹ́ẹ̀. Iye yẹn ló wà nínú fáìlì mi, gbogbo dókítà tó bá ṣí i ló ń gbà á gbọ́. Mo dẹ̀ ti ń rù nígbà yẹn o, aṣọ mi ti ń ṣò lára, torí gbígbé oúnjẹ mì ti ń le sí i, àmọ́ ta ló máa mọ̀? Nígbà tí dókítà wá bèèrè, màmá mi náà ni wọ́n bi: "Ṣé ó ń jẹun dáadáa?" Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, mo ti sọ "Mò ń jẹun sà, àmọ́," kí n tó dé orí ohun tó wà lẹ́yìn àmọ́ yẹn wọ́n ti bọ́ sórí ìbéèrè míì. Ohun tó wà lẹ́yìn àmọ́ yẹn ni mo torí ẹ̀ wá.

Àwọn dókítà àgbà yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì rí irú wa rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ni, torí irú wa kì í pẹ́ láyé tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 25 ni wọ́n ń fojú bù pé ẹni tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò kan tí wọ́n máa ń bí mọ́ èèyàn tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀ yára, máa lò láyé ní 1983, lónìí ó ti tó 60. Àwọn ọmọkùnrin tó ní àrùn iṣan Duchenne, kí wọ́n tó pé ogún ọdún ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń báni mí àti àwọn oògùn kan dé wọ́n ń lé lọ́gbọ̀n ọdún. Cerebral palsy náà, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé bí àìsàn ọmọdé, a wá ń dàgbà, ìrora oríkèé ń bẹ̀rẹ̀ láti ogún ọdún sókè, àárẹ̀ ń dé, ẹlòmíì tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ ò ní lè rìn mọ́, kò dẹ̀ sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. A pọ̀ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èèyàn bíi bílíọ̀nù 1.3 ló ní ìpèníjà ara tó lágbára, ẹnì kan nínú mẹ́fà ní gbogbo ayé.

Àlàfo tó wà láàárín dókítà ọmọdé àti dókítà àgbà yìí, ẹ̀mí ló ń lọ sí i. Ní Dallas ní Amẹ́ríkà wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2010: nínú àwọn tí ẹ̀yà tó le jù ń ṣe, bí ìdá 94 nínú 100 ló ń pé 18 láàyè. Àṣeyọrí ńlá nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo àwọn tó kú ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ìwádìí náà, gbogbo wọn ló ti pé 18 tàbí kí wọ́n lé, ọ̀pọ̀ dẹ̀ kú kò pẹ́ tí wọ́n gbé wọn fún àwọn dókítà àgbà. Nígbà tí mo kà á mo jókòó, mi ò lè ṣe nǹkan míì lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti tọ́jú láti ọjọ́ tí wọ́n dáyé.

Ìlànà tó dáa dẹ̀ wà nílẹ̀. Ní England, àjọ NICE tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú sọ lọ́dún 2016 pé tí ọmọ bá ti wà ní ọdún 13 tàbí 14 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra bó ṣe máa kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé, pé kí wọ́n yan ẹnì kan ṣoṣo tí ọmọ náà mọ̀ lórúkọ, tó máa dúró tì í títí ó fi máa fìdí múlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ṣoṣo. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, kò gba ilé tuntun.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́rọ̀ ọsibítù, torí kì í ṣe inú ọsibítù là ń gbé.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣí àkáǹtì tèmi ní báńkì, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n, kò sí bí mo ṣe máa buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì kó jọra. Àǹtí tó jókòó lẹ́yìn káńtà wo fọ́ọ̀mù, ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí màmá mi kúkú ṣí i lórúkọ tiwọn, pé ìyẹn ló máa rọrùn fún gbogbo wa. Mo ní kò rọrùn fún mi. Mo ní kí wọ́n bá mi pe ọ̀gá wọn. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde lẹ́nu mi, èèyàn ti tò sẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pòṣé. Ọ̀gá wá, ó ní ìtẹ̀ka wà nínú òfin wọn látọjọ́ yìí, ó gbé pátákó yíǹkì wá fúnra ẹ̀, ó di ìka mi mú kó má baà yẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a délé, màmá mi ní kí n fún wọn ní nọ́ńbà àṣírí káàdì kí wọ́n lè bá mi tọ́jú ẹ̀. Mo ní rárá mà. Ó dùn wọ́n. Mo rí i lójú wọn pé ó dùn wọ́n, ó dun èmi náà pé ó dùn wọ́n, síbẹ̀ mi ò fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá wo òfin, ohun tí mo ṣe yẹn wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2008. Abala 12 ní a ní agbára lábẹ́ òfin bí ẹnikẹ́ni, pé a lè ní dúkìá, ká jogún, ká máa darí owó ara wa, tí a bá dẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́ láti pinnu, kí wọ́n fún wa. Abala 19 ní ká yan ibi tí a máa gbé àti ẹni tí a máa bá gbé. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ọmọ tí ọpọlọ ẹ̀ ò yára bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá pé 18 báyìí, ohun tí wọ́n máa ń gba òbí níyànjú ni pé kí wọ́n lọ sí kóòtù kí adájọ́ fi wọ́n ṣe alágbàtọ́, bí adájọ́ bá ti lu òòlù tán ọmọ yẹn ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́, ní àwọn ibòmíì kò lè dìbò, kò lè fẹ́ ẹni tó wù ú. Wọ́n ní ààbò ni. Ní Peru wọ́n yí òfin wọn padà lọ́dún 2018, wọ́n mú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí àwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n ní kí kálukú yan àwọn tó máa ràn án lọ́wọ́ láti ṣe ìpinnu tiẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé tí ẹni náà ò bá wá lè sọ̀rọ̀ ńkọ́, tí kò bá mọ ìwé kà ńkọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ní Down syndrome, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló máa ń sọ. Nígbà tó fẹ́ kúrò nílé, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin àti ẹni tó jẹ́ tíṣà ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló yàn pé kí wọ́n dúró ti òun. Wọn ò ka ìwé àdéhùn sí i létí kí wọ́n wá ní ṣé ó ti yé e. Wọ́n mú un lọ wo ilé méjì, ó sùn sí ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ya fọ́tò ibi ìdáná, ti bálùwẹ̀, ti àwọn tó máa bá gbé. Nígbà tí wọ́n délé wọ́n tẹ́ fọ́tò yẹn sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ń tò wọ́n, ó ń tú wọn, ọjọ́ púpọ̀ ló fi ṣe é. Gbogbo wa la ti pinnu nínú ọkàn wa pé ilé àkọ́kọ́ ló dáa jù, ó tóbi, ó mọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó mú fọ́tò ilé kejì. Wọ́n ní kí ló dé, ó fi ìka tẹ igun fọ́tò náà, ajá kan wà níbẹ̀. Ajá ló fi yan ilé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ajá ò ní rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀, àìmọye èèyàn tí kò ní ìpèníjà kankan ló ń yan ilé torí ohun tó kéré jùyẹn lọ, kò dẹ̀ sẹ́ni tó ń mú wọn lọ sí kóòtù. Ilé yẹn ló ń gbé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, òun ló ń mú ajá náà jáde láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wá kù. Mo fẹ́ rọra sọ ọ́ torí mo mọ ohun tí màmá mi ti fojú rí. Àwọn ló gbé mi pọ̀n títí mo fi wúwo jù fún ẹ̀yìn wọn. Àwọn ló jà kí ilé ìwé tó gbà mí. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣọ́ ọmọ kó má baà kú, ẹ ò lè sọ fún un lọ́jọ́ tọ́mọ náà pé 18 pé kó káwọ́ sẹ́yìn kó máa wòran. Ìbéèrè kan dẹ̀ wà tí gbogbo òbí bíi tiwọn máa ń bi ara wọn lóru, pé ta ló máa tọ́jú ọmọ yìí tí mo bá kú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu màmá mi nígbà tí wọ́n rò pé mo ti sùn. Ìdáhùn tí mo ní fún wọn kò ju pé ẹ jẹ́ n kọ́ ọ nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà. Ẹ jẹ́ n ṣèèṣì ná owó tán lóṣù kan báyìí tẹ́ ẹ ṣì wà nítòsí. Ẹ jẹ́ n wọ bọ́ọ̀sì tí kò ní gbé mi délé. Bí ọmọ bá tó lọ́kọ́, ẹ fún un lọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ máa dúró kó má gbọ̀n mọ́. Ọkùnrin kan, Robert Perske, ti kọ̀wé lórí ẹ̀ láti 1972, pé iyì wà nínú kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn fara wewu bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, pé ààbò àpọ̀jù lè pa ìrètí èèyàn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Kò tíì dé gbogbo ilé ni.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún màmá mi tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n. Ed Roberts, ará California, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un lọ́dún 1953, ó rọ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, inú ẹ̀rọ gbọ̀ngbọ̀n tó ń bá a mí ló ń sùn. Nígbà tó parí sẹ́kọ́ńdìrì wọ́n ní àwọn ò ní fún un ní ìwé ẹ̀rí, torí kò ṣe eré ìdárayá, kò dẹ̀ kọ́ mọ́tò wíwà. Màmá ẹ̀, Zona, bá wọn fà á títí wọ́n fi fún un ní ìwé ẹ̀rí náà. Ó fẹ́ lọ yunifásítì, ọ́fíìsì ìjọba tó yẹ kó san owó ẹ̀ ní àwọn ò san, pé irú ẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Òun àtàwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde títí ọ́fíìsì yẹn fi yí ohùn padà, ó wọ yunifásítì Berkeley ní 1962, ọsibítù ilé ìwé ló ń sùn torí kò sí yàrá tó lè gba ẹ̀rọ ẹ̀. Ní 1972 òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá Center for Independent Living sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ láti máa darí ayé ara wọn, àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ló ń darí ẹ̀. Ní 1975 gómìnà California fi í ṣe ọ̀gá pátápátá lórí ọ́fíìsì tó ní kò lè ṣiṣẹ́ láéláé yẹn. Ẹ wò ó, títí tó fi kú, òun kọ́ ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ wẹ̀, òun kọ́ ló ń wọṣọ fúnra ẹ̀. Àmọ́ òun ló ń gba ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ síṣẹ́, òun ló ń sọ ìgbà tí òun fẹ́ wẹ̀, tí onítọ̀hún ò bá ṣe dáadáa òun ló máa dá a dúró. Zona ló kọ́kọ́ jà fún un, lẹ́yìn ẹ̀ ó fi ìjà náà lé e lọ́wọ́. Ibi tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún Mọ́mì nìyẹn.

Ti iṣẹ́ àti owó, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí inú máa ń bí mi. Wọ́n á ní ká ṣiṣẹ́, tí a bá ṣiṣẹ́ wọ́n á gba ìrànwọ́ tó jẹ́ ká lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ń gba SSI, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún irú wa tí kò lówó lọ́wọ́, ò gbọdọ̀ ní ju dọ́là 2,000 lọ nípamọ́, iye yẹn ò dẹ̀ kúrò lójú kan láti 1989. Tí àwọn méjì tó ń gbà á bá fẹ́ra, dọ́là 3,000 ni fún àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ìfẹ́ ti gba dọ́là 1,000 lọ́wọ́ wọn. Báwo ni ọ̀dọ́ ṣe máa tọ́jú owó ilé níbẹ̀? Báwo ló ṣe máa ra kẹ̀kẹ́ tuntun?

Mo ti dárúkọ ìfẹ́, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nípa ara mi rí gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Nígbà tí tíṣà ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi nípa nǹkan oṣù, oyún àti bí èèyàn ṣe ń dáàbò bo ara ẹ̀, àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń mú mi lọ na iṣan. Kò sí èrò ibi níbẹ̀, wọ́n kàn gbà pé kò kàn mí ni. Ó kàn mí o. Ó kan ara tí mo ń lo fún ìfẹ́, ó tún kan ààbò mi, torí ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet lọ́dún 2012 sọ pé ó tó nǹkan bí ìlọ́po 4 tí àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara fi ń rí ìwà ipá ju àwọn ọmọ tó kù lọ. Ọmọ tí àlejò ti ń bọ́ṣọ fún láti kékeré, tí wọn ò kọ́ ní orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀, tí wọn ò kọ́ pé ó lè sọ pé òun ò fẹ́, báwo ló ṣe máa mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ àti ẹni tó ń ṣe é níkà? Ẹ kọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n ní ọ̀rẹ́. Nígbà tí ilé ìwé bá parí, àwọn ẹgbẹ́ ẹni á fọ́n ká, wọ́n á wọ yunifásítì, wọ́n á rí iṣẹ́, ẹni tí kò lè dá jáde á wà nílé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, tó bá pẹ́ kò ní sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ẹni tí wọ́n ń sanwó fún àti àwọn ará ilé ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore, kó wá gbé mi jáde ká jọ lọ ṣe nǹkan tó wu àwa méjèèjì.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní 13, 14, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ ní kí dókítà yín fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí òbí nínú yàrá, kó di bárakú kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ mọ orúkọ oògùn yín àti ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe lára yín. Ẹ gba ẹ̀dà fáìlì yín dání, ẹ má gbọ́kàn lé pé wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ẹ dẹ̀ kọ ìwé ojú kan nípa ara yín, tẹ́ ò bá lè kọ ẹ pè é kí wọ́n bá yín kọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi fọ́tò ṣe é. Tèmi wà lórí fóònù mi, mo tún tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tí mo so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: Èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Ó máa ń pẹ́ kí n tó dáhùn, ẹ dúró dè mí, ẹ má bá mi parí ẹ̀. Ẹ má gbé mi lábẹ́ apá, èjìká mi tòsì máa ń yẹ̀. Mò ń tẹ̀ka, mi ò kì í buwọ́ lùwé. Ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó ti kẹ̀kẹ́ mi.

Ní tèmi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tó jẹ́ adití ti ń wá ilé tí a jọ máa gbé. Èmi máa gbọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n bá kàn án, òun máa gbé ohun tó bá wà lókè. Màmá mi ò tíì fara mọ́ ọn tán, a ṣì ń fà á lọ́tùn-ún lósì, bùọ̀dá mi ti wà lẹ́yìn mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a máa lọ wo ilé kan tí kò ní àtẹ̀gùn. Mọ́mì ní àwọn máa bá wa lọ, mo ní kí wọ́n kálọ mà, àmọ́ èmi ni mo máa bá onílé sọ̀rọ̀, mo dẹ̀ ti kọ gbogbo ìbéèrè mi sílẹ̀.